Fóònù Tó Sùn Nígbà Ìpè Omi

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹ́rẹ́

Aikande ọmọ mi ní kí n máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù yìí lójoojúmọ́. Ó ní ohun tí mo bá sọ kọ́ ló ṣe pàtàkì, pé etí fóònù ni òun fẹ́ dán wò. Mo ní bí ohun tí mo bá sọ kò bá ṣe pàtàkì, kí ó gbé e síwájú màlúù. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ibì kan, ó ní, "Ó ti ń gbọ́ yín báyìí, Baba."

Ó dáa. Èmi Ndetaulwa Urassa ni mò ń sọ̀rọ̀, ọmọ Kirita àgbẹ̀. N kò jókòó sínú kíláàsì rí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò sé. Oòrùn mú lónìí. Òkè ńlá kò yọ orí nínú ìkùukùu. Odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wálẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ṣílè ní ọjà Mwika, ó sì wu àwọn tí ń rà á láti tún dín in. Màlúù dúdú kò jẹun dáadáa.

Tí o bá ń gbọ́, ìwọ etí fóònù, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Lẹ́yìn ìsìn, àwa ẹlẹ́gbẹ́ omi, tí a jọ ń pín omi òkè sí oko wa, jókòó lábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Irú kan náà ni gbogbo wa ń lò, èyí tí ẹgbẹ́ oníkọfí pín fún wa lọ́dún tí kọfí dára. Àwọn tó ṣe é ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọn kò tún un ṣe mọ́, láti ìgbà Kérésìmesì sì ni ó ti ń kú fúnra rẹ̀ bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Fóònù yìí ni Minja, alága wa, fi ń pe oníkálukú nígbà tí omi bá kàn án. Láyé àwọn baba wa, ìwo ni wọ́n ń fun láti òkè. Lónìí, ilé ti pọ̀, igi ti dínkù, ariwo ọ̀kadà sì ju ti ìwo lọ.

Minja ní kí gbogbo wa kó fóònù wa fún oníṣòwò kan ní ìlú Moshi tí ń ra àlòkù, kí á ra tuntun. Ni Aikande bá dìde. Ó ní fóònù wọ̀nyí kò tíì kú, pé ètò inú wọn ló gbó. Òun lè yọ ọ́ kúrò, kí òun fi òmíràn sí i, èyí tí kò ní olówó kan tó ni ín, tí ẹnikẹ́ni lè la ikùn rẹ̀ wò kí ó sì tún un ṣe. Ó ní àwọn ènìyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní ohun tí kò bá ní olówó, ewúrẹ́ ló máa ń jẹ ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Mo dìde, mo ní kí wọ́n fi mí dán an wò. Mo ní fóònù tí ọmọ mi bá tún ṣe nìkan ni n óò máa lò títí òjò yóò fi dé, àti pé bí kò bá gbé ìpè, kí wọ́n ṣe òfin fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ayé. Òfin wa ni pé ẹni tí kò bá gbé ìpè kejì, omi kọjá lórí ilẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Bí ó bá ṣiṣẹ́, kí gbogbo wọn kó fóònù wọn wá fún un ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Ẹrẹ̀nà. Minja wò mí, ó ní, "Urassa, orí kunkun rẹ yìí, ṣé ẹ̀wà rẹ mọ̀ sí i?"

Nílé, Ìyá Aikande pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Aikande ti bá òun sọ ọ́ pé títí òjò yóò fi dé ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Dar fún un láyè. Ó wu Aikande kí ó má padà. Ó fẹ́ ṣí ìsọ̀ kékeré sí Mwika, kí ó máa sọ àwọn fóònù àgbà di ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ohun méjì ni òun ń dúró dè, kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ omi gba iṣẹ́ òun, kí baba òun sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí òun dúró.

Mo ní àgbà kì í bẹ ọmọ pé kí ó jókòó sílé baba rẹ̀. Ṣebí ilé baba rẹ̀ ni.

Ó ní ó dáa, òun kàn ń sọ ọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Fóònù wà nínú abọ́, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, nítorí náà Ìyá Aikande ló ń bá mi kọ ti òní.

Lánàá, nígbà tí ètò tuntun kọ́kọ́ jí, ọ̀rọ̀ funfun wẹ́wẹ́ ló ń sáré lórí òkùnkùn bí èèrà tí wọ́n da omi sí nílé. Aikande pariwo bíi pé ó bí ọmọ. Èmi kò rí ohun tó dùn níbẹ̀. Ní ọ̀sán, àwòrán ti yọ. Ó gbé e fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ ọ̀tún, òsì ló dáhùn. Mo tẹ òkè, ìsàlẹ̀ ló fò. Mo ní fóònù yìí dà bí àwọn ẹbí ìyá Aikande. Ó tún ìyẹn ṣe kí omi tíì tó hó.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà gidi dé. Kò mọ ìka mi. Bí Aikande bá fọwọ́ kàn án, á dáhùn. Bí ìyá rẹ̀ bá kàn án, á dáhùn. Èmi tẹ̀ ẹ́, n kò rí ìdáhùn kankan. Ọkọ́ ti lá ìka mi débi pé awọ rẹ̀ ti di èèpo igi. Aikande mú ọwọ́ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wá ní àwọn tó ń ṣe fóònù kì í rí irú ọwọ́ báyìí. Ó jókòó tì í títí, ó ń sọ gíláàsì náà di ẹni tí ń gbọ́ràn, ó ń ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n tún un tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó mọ̀ mí.

(Èmi Ìyá Aikande ni mo fi èyí kún un: kò sọ pé ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé e sílẹ̀ tipátipá, tí ó sì bú u. Kò sọ pé nígbà tí ó dáhùn, ó fi han gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ́nà.)

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Omi kàn mí lónìí. Fóònù ti kú kí Minja tó pè.

Bátìrì ni. Ètò tuntun yìí kò tíì mọ bí a ṣe ń sùn. Láti òwúrọ̀ ni ó lajú sílẹ̀, tí ń ronú ohun tí n kò mọ̀, ó gbóná bí iṣu inú eérú. Ṣájà wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mú iná lọ. Omi gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ mi kọjá, mo ń gbọ́ ọ nínú poro. N kò dìde lọ wò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìpè ti ń wọlé. Minja pè láti dán an wò. Mo gbọ́ ọ ketekete, títí dórí ikọ́ rẹ̀. Òun kò gbọ́ mi. Mo kígbe, mo bọ́ sí ìta, mo kígbe sí i. Kò gbọ́. Ó ní kí Aikande má tún un ṣe mọ́, pé fóònù tí Urassa yóò máa gbọ́ràn nínú rẹ̀ tí kò ní lè fèsì ni gbogbo abúlé ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀wà ń béèrè omi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹnu àti etí ti bára mu. Minja gbọ́ mi. Ó ní ó dun òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọgbọ̀n

Ọmọ mi ti kọ́ fóònù láti sùn. Bátìrì rẹ̀ lè lo ọjọ́ mẹ́ta báyìí, inú wa dùn, a jẹ ẹran. Lónìí, omi kàn mí, Minja pè ní agogo mẹ́ta, fóònù sùn fọnfọn. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń sùn. Mo jókòó tì í, mo ń pọ́n ọkọ́ mi, n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án láti wo agogo, ó jí, ó sì fi ìpè méjèèjì hàn mí láìtijú, bí ẹrú tó jẹ́ iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ogun ti tú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Èrèlè

Aikande ṣàlàyé fún mi. Mo ní kí ó sọ ọ́ bí ó ṣe lè yé mi, kí ó má fi èdè Dar kọrin fún mi.

Ó ní ẹni méjì ló wà nínú fóònù. Ọ̀kan ni baálé, tí ń ṣiṣẹ́ gbogbo, òun ló ń jẹ bátìrì. Èkejì wà nínú yàrá tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fetí sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ìpè bá dé, ó yẹ kí ó fa okùn kan kí baálé lè jí. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ yàrá yẹn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀. Gbogbo ilé tó kù ló ṣí sílẹ̀, yàrá kan yẹn nìkan ni kò ṣí. Òun kò mọ̀ bóyá ẹni inú rẹ̀ ń fa okùn tàbí kò fà á. Mo ní nígbà náà, ilé yẹn kì í ṣe ti wa. Ó ní, "Baba, ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ."

Ọkùnrin kan wà tí ń ràn án lọ́wọ́, Tuomas lorúkọ rẹ̀, ará Finland. Wọn kò fojú kan ara wọn rí. Ó ní irú fóònù yìí kan lọ́wọ́, ó rí i ra nínú àlòkù, ó sì mọ̀ nípa àwọn yàrá títì. Fóònù máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀, bí ó ṣe mí àti bí ó ṣe yíra padà, ó gùn ju ìrìnàjò lọ. Aikande ń fi ránṣẹ́ sí i, òun ló ń bá a kà á. Mo béèrè iye tí ó ń gbà. Ó ní kò gba nǹkan kan. Mo ní kí ó bá mi kí i, kí ó sì bi í bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó fèsì pé yìnyín ló bo ilẹ̀kùn òun, pé òun fi ṣọ́bìrì wa ọ̀nà jáde. Mo káàánú rẹ̀. Ibi tí omi ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì ṣeé fún ẹ̀wà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀wà ìsàlẹ̀ ti kú. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Omi tún kọjá. Agogo mẹ́ta náà ni. Aikande wà ní Mwika, ó lọ wá iná mànàmáná fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tí ó dé, ojú mi ló wò, kò béèrè. Mo sọ àkókò rẹ̀ fún un, ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́ sí Tuomas gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe. Tuomas fèsì pé òun ti wo àkókò náà, pé ẹni inú yàrá kò fa okùn kankan. Ohun tó sọ nígbà tó kọjá nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Minja fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè wá. Orókùn rẹ̀ kò dára, ó sì gùn ún. Ó jókòó, ó mu tíì, ó yin màlúù. Ó pẹ́ kí ó tó débi ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ndetaulwa, ọmọ rẹ ọmọ mi ni. Kí n kàn sọ pé o gbé e. Ta ni yóò bi mí?"

Mo ní, "Èmi."

Ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ ń tẹ orí."

Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sí nínú ìpàdé. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó ní òun ti mọ̀ kí òun tó kúrò nílé pé òun kàn fẹ́ fìyà jẹ orókùn òun ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ wo ẹnu poro ní òwúrọ̀. Ẹnìkan ti sún òkúta ìdènà díẹ̀, díẹ̀ báyìí, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Omi ń yọ́ wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, ó ti mu gbòǹgbò tó wà létí. Kì í ṣe olè. Aládùúgbò ni, mo sì lè fura sí ilé mẹ́rin tí ó lè jẹ́. Wọ́n fi koríko bò ó kí ó lè dà bí ẹni pé omi ló sún un fúnra rẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀. Inú mi dùn, n kò lè purọ́. Lẹ́yìn náà, mo fi ẹsẹ̀ ti òkúta padà.

Ìyá Aikande ti tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, n kò mọ̀. Ó ní, "Baba Aikande, ẹ̀yin àti òkúta yẹn, ẹ jọ ń bára yín sọ̀rọ̀ ni?" Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn láti ìgbà náà. Ó ń fi garawa ru omi láti orísun, ó ń da á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó súnmọ́ ilé, ó sì ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì sókè kí n lè gbọ́ pé inú ń bí i. Mo bá a ru tèmi. Kò dá mi lẹ́kun, kò sì wò mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ibi iṣẹ́ Aikande pè é láti Dar. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ̀nà, kí ó ti wà lórí àga rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn yóò fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ó sọ ọ́ nígbà tí a ń jẹ mtori, ọbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ kù díẹ̀. Ó ní òun ti wo bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ wò mí lókè abọ́.

Mo ní ọ̀nà Dar ti dára báyìí.

N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Aikande ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dára. Lẹ́yìn náà, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé màlúù. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Nígbà tí mo lọ gé koríko, mo rí i pé kò ṣí i. Ó jókòó ti màlúù dúdú, ó fi iwájú orí ti ìhà rẹ̀. Mo gba ibòmíràn lọ gé koríko mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ létòlétò, nítorí mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Tuomas ní òun fẹ́ rí bàbá tí ń kí òun. Aikande gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan, ó wọ aṣọ òtútù nínú ilé. A kíra. Ó dàbí ọmọ gidi. Ó ní ọ̀rọ̀ fóònù yìí kò jẹ́ kí òun sùn, pé òun ti wo agogo mẹ́ta ọjọ́ méjèèjì tí ìpè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, fóònù sùn bí òkúta, ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé agogo mẹ́ta ni. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní, jọ̀wọ́, kí ni mò ń ṣe lọ́wọ́ ní àkókò yẹn, kí òun lè fojú inú wò ó.

Mo ní kí ni èèyàn ń ṣe ní agogo mẹ́ta? Mo ti gé koríko fún màlúù dé. Oòrùn ti gun orí kọfí aládùúgbò. Ìyá Aikande ń gbé tíì kejì kaná.

Aikande bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó dé orí oòrùn, ó dúró. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó ní, "Baba. Mẹ́ta tiwa, wákàtí kẹta lẹ́yìn tí oòrùn yọ. Mẹ́sàn-án àárọ̀ ni tiwọn."

Bí ó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni ó ṣe ń fi ránṣẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́, ilé ló wà, èdè ilé ló ń sọ, kò yí i padà. Ọkùnrin yẹn ti ń wá ìpè àárọ̀ mi kiri nínú òru, nígbà tí èmi àti fóònù jọ ń sùn. Tuomas kò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tí ó yé e, ó béèrè pé irú èèyàn wo ló ń bẹ̀rẹ̀ sí ka wákàtí nígbà tí oòrùn bá yọ. Mo ní kí Aikande bi í tèmi: "Ẹ̀yin tí ọjọ́ yín ń bẹ̀rẹ̀ láàárín òru, ta ló ń jí láti rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, tí ó nù ún. Ó wá wo ibi tó tọ́. Gbogbo wa ń wò ó bí ó ti ń kà. Ó sọ nǹkan kan lédè rẹ̀ tí kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀.

Ẹni inú yàrá títì ti ń fa okùn. Ó fà á ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó fà á ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì, bí Minja ṣe pè é. Ibi tí a so okùn náà mọ́ ni kò tọ́. Aikande ní nígbà tí òun ń sọ fún ètò tuntun bí inú fóònù yìí ṣe rí, òun wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí àwọn kan náà ṣe ṣáájú, òun sì rò pé wọ́n jọra. Wọn kò jọra níbi okùn. Bọ́tìnì tí a fi ń dín ohùn kù ni a so ó mọ́. Ẹni inú yàrá ń jí baálé, ẹ̀gbẹ́ ilé ló ń kàn.

Mo ní kí Aikande tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni inú yàrá, nítorí gbogbo wa ti bú u.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Aikande tún okùn so. Ó pè mí láti ìta, fóònù jí. Ó pè láti ẹ̀yìn ilé, fóònù jí. Ìyá rẹ̀ pè láti ọjà, ó jí, ó ní kí n gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bá mi sọ láti ọjọ́ òkúta nìyẹn.

Wọ́n ti fi àtúnṣe náà sí ibi tí gbogbo ayé ti lè mú un, orúkọ Aikande wà lórí rẹ̀. Tuomas ní kí wọ́n fi tèmi náà sí i. Mo ní kí ni n óò fi ṣe. Wọ́n fi í sí i.

Wọ́n ti sún ìpín omi síwájú ní ọjọ́ méjì, ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ̀nà ni omi kàn mí báyìí. Ìpè Minja yẹn ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yóò gbà, kì í ṣe ti ọmọ tàbí ti ìyàwó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò. Ó yá lọ́dún yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, a gbọ́ ọ kí ó tó dé, ó sì rọ̀ títí poro fi kún àkúnya. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbé orí sókè lójú mi. Gbogbo abúlé ń dúpẹ́. Èmi àti Aikande nìkan la jókòó bí ẹni tí a kó lẹ́rù. Nígbà tí òjò bá rọ̀, a kì í pín omi. Bí a kò bá pín omi, Minja kò ní pe ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo gba inú ẹrẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Minja. Mo ní kí ó pè mí lọ́la. Ó ní kí ni òun fẹ́ pè mí fún, ṣé kí òun sọ fún mi pé omi wà nínú ilé mi ni? Mo ní kí ó pè mí. Kí ó má sọ ìgbà tí yóò pè, kí ó jẹ́ kí fóònù sùn wọra. Ó ní òun kò ní nǹkan kan láti sọ. Mo ní bí èèyàn bá ti jẹ́ alága, yóò rí nǹkan sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ̀nà

Láti òwúrọ̀ ni fóònù ti wà lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Aikande ń di ẹrù, ó ń tú u, ó tún ń dì í. Ìyá rẹ̀ ń fi ewé di ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò gbé lọ sí Dar, nítorí bọ́ọ̀sì ọ̀la ni ó ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. A ń rìn yí tábìlì yẹn ká bí ẹni tí òkú wà nínú ilé rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n. Mo rò pé Minja ti gbàgbé.

Fóònù jí.

Mo gbé e ní ìpè àkọ́kọ́. Minja ní, "Urassa." Mo ní, "Mò ń gbọ́." Ó ní, "O gbé e?" Mo ní ta ni ó rò pé ó ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Kò sí omi láti pín. Mo ní kí n bi ọ́ bóyá ilé rẹ kò jò." Mo ní ó ń jò díẹ̀ níbi ìdáná. Mo béèrè orókùn rẹ̀. Ó ní òtútù ti wọ inú rẹ̀. A sọ̀rọ̀ títí, nípa baba rẹ̀ àti baba mi, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ gbẹ́ poro tó wó, tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbẹ́ ẹ tán. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Aikande jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì

Lẹ́yìn ìsìn, Minja fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n kó fóònù wọn wá nínú agbọ̀n, nínú ọ̀rá ìyẹ̀fun, nínú àpò kóòtù. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ mú méjì wá. Aikande ń gbà wọ́n, ó ń kọ orúkọ sí ẹ̀yìn wọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ tàbí pé òun kò lọ. Wọn kò sì béèrè, nítorí wọ́n rò pé mo ti ní kí ó dúró.

A padà délé. Bọ́ọ̀sì yóò kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, agbọ̀n fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jókòó nínú ilé. Mo wọlé lẹ́ẹ̀kan, mo bi í bóyá ó ti jẹun. Mo tún wọlé, mo ní òjò ti ń fẹ́ dá. Ìyá rẹ̀ ń wò mí bí ẹni ń wo màlúù tí kò fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Mo jáde lọ sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo dúró sábẹ́ ewé níbi tí wọn kò ti lè rí mi. Mo mú fóònù jáde, mo fi ìka mi yìí tẹ orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń dún nínú ilé.

Ó gbé e. Ó ní, "Baba? Níbo lẹ wà?"

Mo ní, "Aikande, má lọ. Mo fẹ́ kí o dúró."

Mo gbọ́ òjò lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí páànù, mo sì gbọ́ ọ lọ́dọ̀ mi lórí ewé, òjò kan náà. Lẹ́yìn náà ni ó fọn imú. Ó ní, "Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n tú ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn."

Mo wọlé lọ sọ fún un. Ìyá Aikande kò gbójú sókè nídìí iná. Ó ní látàárọ̀ ni òun ti tú u, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni a ń sè lórí iná yìí.